Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ráútà Màmá Àdúrà Mọ́ Àyà

Nínú ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dagenham, ní ìlà-oòrùn London, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni nǹkan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún lójú oníbàárà. Ọjọ́bọ̀ kan ni. Agogo méjìlá ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì nínú yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo fi ẹnu gbá tọ́ọ̀ṣì mú, obìnrin kan sì dúró sẹ́yìn mi, ó ń sọ pé, "Bùrọ́dà Gbénga, ẹ má dákẹ́ báyìí o. Tí ẹ bá ti dákẹ́, ẹ̀rù máa ń bà mí."

Ẹ̀rù ló ń ba èmi náà tí mo fi dákẹ́.

Kí n tó sọ bí mo ṣe dé abẹ́ tábìlì náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó fi iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́, nítorí pé n kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan láti kọ́ ọ. Bàbá mi ni ó ń tọ́jú ilé ìjọsìn wa ní Ìjẹ̀bú, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo sì ti mọ̀wé, lórí àga gígùn tí a ń gbé wọlé bí òjò bá ṣú. Nígbà tí mo dé London, ilẹ̀ ọ́fíìsì ni mo ń gbá. Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ ni mo ti ń wo àwọn tí ń tú kọ̀ǹpútà, ó sì wù mí. Ọlọ́run wá mú mi pàdé Ọ̀gbẹ́ni Winston.

Ọmọ Barbados ni Ọ̀gbẹ́ni Winston. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá tí ó wà ní Dagenham nígbà náà. Nígbà tí iṣẹ́ ibẹ̀ ń dín kù, ó gba ṣọ́ọ̀bù tóóró kan nítòsí òpópónà ọlọ́jà tí wọ́n ń pè ní Heathway, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, ó gbé ọ̀kan tí kò tàn síwájú mi, ó ní kí n wá ohun tí ó ṣe é, ó sì lọ po tíì. Mo fi ìtara bẹ̀rẹ̀. Mo tú gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni tí ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo yọ èyí, mo yọ tọ̀hún. Nígbà tí ó padà dé pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó wò mí, ó wo àwọn nọ́ọ̀tì, ó na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ó tẹ bọ́tìnnì iná ara ògiri. Fáànù kan ṣoṣo tí n kò tíì yọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ta ló ni kọ̀ǹpútà yìí?" ó béèrè.

Mo ní n kò mọ̀.

"Èmi ni mo ni ín. Èmi náà ni mo pa iná rẹ̀. O ò bi mí." Ó mu tíì rẹ̀ díẹ̀. "Gbénga, bi ẹni tí ó ni ín kí o tó bi ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò mọ ohun tí wọ́n ṣe sí i."

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ bí mo ṣe gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n lò ó.

Folúkẹ́ ni orúkọ obìnrin tí ó dúró sẹ́yìn mi yẹn. Nọ́ọ̀sì ni ní Ìbàdàn. Ó ta ọkọ̀ rẹ̀, ó ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fún un, ó wá sí ìlú yìí láti tọ́jú àwọn àgbàlagbà, ó sì fi ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò tíì pé ọdún kan tí ilé iṣẹ́ tí ó gbà á wá fi kógbá wọlé. Ìjọba fún un ní ọjọ́ díẹ̀ láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tí yóò dúró fún ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ọjọ́ náà ń tán lọ. Bí ó bá tán láìríṣẹ́, ó di ilé nìyẹn, ilé tí kò sì ní ọkọ̀ àti ilẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ó kọ, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní apá Eastbury ní àwọn yóò fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà ní agogo mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ìwé tí wọ́n kọ sí i kò fi nǹkan kan bò: kọ̀ǹpútà gidi ni, kì í ṣe fóònù, nítorí ìdánwò kan wà tí yóò tẹ̀, yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, kì í ṣe pálọ̀ tí ènìyàn ń gbà kọjá, ẹni tí wọn kò bá sì rí ní agogo mẹ́ta, ẹni tí ó tẹ̀ lé e ni wọn yóò pè.

Ará ìjọ wa kan fún un ní kọ̀ǹpútà àtijọ́, onítábìlì, tí ó wúwo bí àpótí ẹja. Ó ní kámẹ́rà, ó ń gbọ́ ohùn, ohun gbogbo pé. Wáífáì nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí a ń lò fún irú rẹ̀ ni adápítà wáífáì: nǹkan pẹlẹbẹ kan tí a ń kì bọ ihò yúésíbì, tí yóò máa gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú afẹ́fẹ́ fún kọ̀ǹpútà tí kò lè gbà á fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo sọ fún ìyàwó mi bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń jáde. Mo ní kí ó má wulẹ̀ bo oúnjẹ mi.

Ilé tí Folúkẹ́ wọ̀ sí ni ilé Màmá Àdúrà, lẹ́bàá páàkì Mayesbrook. Gbogbo ìjọ wa ni ó mọ Màmá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò ga, ohùn rẹ̀ sì tó ti ènìyàn mẹ́ta. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ni yàrá àdúrà: aṣọ funfun lójú fèrèsé, àbẹ́là, abọ́ omi àdúrà, agogo ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà débẹ̀. Nínú yàrá yẹn náà ni ráútà wà, àpótí funfun kékeré tí ó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, nítorí pé ibẹ̀ ni wáyà tẹlifóònù ti wọlé láti ìta.

Mo dé ní agogo mẹ́wàá. Mo kọ́kọ́ dábàá pé kí a fa wáyà láti ìdí ráútà gòkè lọ, kí ọ̀rọ̀ adápítà má tilẹ̀ wáyé.

"Wáyà?" Màmá ní. "Ní ibi tí àwọn ènìyàn ń kúnlẹ̀ sí? Kí ó wá gbé àgbàlagbà ṣubú nínú ilé Olúwa?"

"Mo ti fi í sílẹ̀, Mà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

Mo gòkè, mo ki adápítà bọ ihò tí ó wà níwájú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà kọ ọ́ sójú pé òun kò dá nǹkan yìí mọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí ó kù ni dráífà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dààmú yín, kò wa ọkọ̀ kankan. Ìtọ́ni ni, tí ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, "Àlejò tí ó dé yìí, báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀." Wọ́n fi dráífà náà sínú páálí adápítà, lórí àwo síídì kékeré kan. Kọ̀ǹpútà Folúkẹ́ kò ní ẹnu tí ń gba síídì. Lẹ́yìn páálí, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá lè lo àwo náà, kí ó lọ gbà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Màmá ti gun àkàsọ̀ wá wò wá ní àkókò yìí. Mo ṣàlàyé fún un.

"Gbénga, dúró ná," ó ní. "Kí ni nǹkan yìí wà fún?"

"Láti fi wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, Mà."

"Kí ló sì kù kó tó ṣiṣẹ́?"

"Ó kù kí a wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, Mà."

Ó wo Folúkẹ́, ó wò mí. "Àwọn tó ṣe é, ṣé wọ́n ní ìyá nílé?"

Fóònù mi ni mo lò. Kò sí ẹni tí ó rántí nínú wa láti kọ́kọ́ béèrè páásíwọ́ọ̀dù wáífáì Màmá fún un. Mo ní dátà díẹ̀ tí ó kù nínú rẹ̀, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ ilé yẹn dáadáa, àfi ìdí fèrèsé, àfi bí ènìyàn bá na ọwọ́ síta. Folúkẹ́ na fóònù síta fèrèsé bí ẹni tí ó ń ta ọjà fún aládùúgbò, èmi ń wo bí dráífà náà ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó gba wákàtí kan ó lé. Bí ó ṣe wọlé tán ni dátà mi tán. Mo fi wáyà gbé dráífà náà láti inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà, mo tẹ ẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, mo pa á, mo tún un tàn. Iná aláwọ̀ ewé kan tàn lára adápítà, bíńtín báyìí. Orúkọ wáífáì gbogbo àdúgbò jáde lójú kọ̀ǹpútà, ti Màmá sì wà lókè pátápátá.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo wọ yàrá àdúrà, mo dojú ráútà délẹ̀, mo da páásíwọ́ọ̀dù ìdí rẹ̀ kọ. Mo padà sókè, mo tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé! Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Folúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ìdúró, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí Màmá má baà gbọ́ ariwo.

Ibi tí ó yẹ kí n ti palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nìyẹn. Àmọ́ mo wo adápítà náà bí ó ṣe yọ síta níwájú kọ̀ǹpútà, mo rò ó pé bí Folúkẹ́ bá ń fi orúnkún gbọ̀n nítorí ẹ̀rù, yóò gbá a. Mo ní kí n gbé e lọ sí ihò ẹ̀yìn. Mo fà á yọ. Bí mo ṣe fà á yọ ni agogo ọwọ́ dún nísàlẹ̀.

"Gbénga! Folúkẹ́! Wákàtí àdúrà ti tó!"

Nínú ìjọ wa, a ní wákàtí tí a máa ń gbàdúrà: agogo mẹ́sàn-án, agogo méjìlá, agogo mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọ̀kan kọjá, kódà bí ó bá wà lórí àjà. Ọjọ́ yẹn, èmi ọmọ rẹ̀ na ọrùn síta, mo ní, "Màmá, ẹ máa bá a lọ, mo ń bọ̀!" Folúkẹ́ ní tirẹ̀ ti gba àyè lọ́wọ́ Màmá láti àárọ̀ pé kí òun máa ka àwọn ìdáhùn òun. N kò lọ. Mo ki adápítà bọ ihò ẹ̀yìn. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Wáífáì Màmá ti pòórá; ẹ̀rù kò jẹ́ kí n wò ó pé ti àwọn aládùúgbò ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní ihò ẹ̀yìn ni. Àyà kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́ irin, irin sì máa ń dí wáífáì lọ́wọ́. Mo gbé e padà síwájú. Kò sí. Mo gbé e sí ihò mìíràn. Kò sí. Ibi tí mo ti wọ abẹ́ tábìlì nìyẹn, tí mo fi ẹnu gbá tọ́ọ̀ṣì mú. Òógùn bò mí. Mo ní mo ti ba dráífà jẹ́ nígbà tí mo fa adápítà yọ lójijì. Mo yọ dráífà kúrò pátápátá, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ó ṣì wà nínú fóònù. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Nígbà tí ó ń jí bọ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, mo gbàdúrà tí ó ti inú mi wá, Folúkẹ́ ń ṣe àmín lẹ́yìn mi pẹ̀lú omijé.

Ní agogo méjìlá ààbọ̀ kọjá díẹ̀, wáífáì Màmá yọ padà. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ kò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo dìde, mo gbọn orúnkún, mo sì di olùkọ́. Mo ní, "Folúkẹ́, ṣé o rí ihò ẹ̀yìn yẹn? Ihò ikú ni. Láyé rẹ, má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́." Mo gé téèpù, mo fi lẹ gbogbo ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà pa. Folúkẹ́ fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Títí di òní, ojú ṣì ń tì mí nítorí téèpù yẹn.

A dán kámẹ́rà wò, a dán ohùn wò. Nígbà tí ó di agogo méjì, Màmá ní n kò gbọdọ̀ lọ láìjẹun. Ó gbé iṣu àti ẹyin síwájú mi nínú ilé ìdáná, ó jókòó tì mí, ó ń bu tirẹ̀ jẹ.

"O ò wá gbàdúrà," ó ní.

"Màmá, ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀rí. Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà."

"Ní agogo méjìlá géérégé, Màmá, nǹkan yìí kú. Ó kú pátápátá. Gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo lò ó, kò jí. Mo wá gbé ọwọ́ lé e, mo ké pe Ọlọ́run. Ní méjìlá ààbọ̀, ó jí!"

Ṣíbí Màmá dúró lójú ọ̀nà ẹnu. "Agogo mélòó lo ní ó kú?"

"Méjìlá, Mà."

"Ó sì jí ní méjìlá ààbọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ bá mi gbé Jésù ga!"

Kò gbé e ga. Ó sọ ṣíbí kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Gbénga."

"Mà?"

"Èmi ni mo pa á."

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa.

"Bí wákàtí àdúrà bá ti tó, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì ara ògiri. Nǹkan funfun yẹn kì í jẹ́ kí n gbádùn. Ojú mẹ́rin ló ní, aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ló máa ń ṣẹ́jú sí mi bí mo bá kúnlẹ̀. Tí mo bá ṣe àmín tán, mo máa ń tàn án padà." Ó tún mú ṣíbí. "Tó o bá wá gbàdúrà nígbà tí mo lu agogo, ìṣojú rẹ ni ǹ bá ti pa á."

Mo rí Ọ̀gbẹ́ni Winston lójú inú mi, pẹ̀lú ife tíì rẹ̀. Mo ti àwo iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà náà ni èrò mìíràn lù mí. "Màmá, wákàtí àdúrà tí ó kàn ńkọ́?"

"Agogo mẹ́ta. O ti gbàgbé ìyẹn náà ni?"

A gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Folúkẹ́ ti wà lórí àkàsọ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó ti lò nínú ilé náà, lẹ́yìn tí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń wọlé, ojú sì ń tì í láti béèrè páásíwọ́ọ̀dù, nítorí náà òun náà kò mọ̀ pé Màmá ń pa nǹkan kan. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ìdáná. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Tòní nìkan."

"Dìde, ọmọ mi." Ohùn Màmá rọ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé n kò fẹ́ kó o ríṣẹ́? Láti ọjọ́ tó o ti dé ni mo ti ń gbààwẹ̀ di agogo méjìlá lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́."

Ó sọ ọ́ fún wa. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, tí àwọn dókítà ti sọ̀rètí nù, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú yàrá yẹn pé bí bàbá bá padà wálé, kò sí iná mìíràn tí yóò tàn níbẹ̀ ní wákàtí àdúrà ju àbẹ́là lọ. Bàbá padà wálé. Ó lo ọdún mọ́kànlá sí i. Èmi fúnra mi mọ bàbá yẹn. Òun ni ó kọ́kọ́ fún mi ní kọ̀ǹpútà tún ṣe nínú ìjọ wa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé kí obìnrin náà da májẹ̀mú rẹ̀?

"Ṣé kí n wá da ẹ̀jẹ́ tí mo fi mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́," Màmá ní, "kí n tó bẹ̀ ẹ́ fún ọ?"

Folúkẹ́ dìde. Agogo ara ògiri ní méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo wá rántí pé mo jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi kò tíì pẹ́ jù láti lò. Mo bi ẹni tí ó ni ín.

"Màmá, nínú ẹ̀jẹ́ yẹn, ṣé inú yàrá ni ẹ sọ ni, àbí gbogbo ilé?"

Ó ronú sí i. "Inú yàrá ni."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́, Mà?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kẹ̀? Ibi tí wọ́n ń nu bàtà sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe yàrá."

Mo ti bọ́ bàtà kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Mo gbé ráútà, mo fà á sí ẹnu ọ̀nà. Ti iná kò ṣòro, wáyà ìfágùn kan wà nínú àpò mi. Ti tẹlifóònù ni ó le. Ibi tí ó ti jáde lára ògiri ga, wáyà rẹ̀ sì kúrú bí okùn bàtà. Ó kọjá ìlà ilẹ̀kùn díẹ̀ báyìí, ó sì dúró lófuurufú. Bí a bá gbé ráútà sílẹ̀, yóò já. A gbé e sórí àga ìdáná, àga kúrú. Mo fẹ́ to ìwé orin lé àga náà, Màmá ní ìwé orin kì í ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. A gbé àga gíga wá, kò gba ẹnu ọ̀nà. Kò sì sí àyè láti sáré lọ ra wáyà ní Heathway.

Màmá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Gbénga, kúnlẹ̀ kí n wò."

Mo kúnlẹ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé ráútà lé mi láyà. Wáyà náà rọ̀ dẹ̀dẹ̀, kò fà, kò sì le.

"Gíga rẹ ṣe déédéé," ó ní. "Gbé ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ, kó má ṣẹ́jú sínú yàrá."

Folúkẹ́ wò mí lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ráútà lọ́wọ́ bí ẹni tí ó gbé ọmọ ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ó sáré gòkè. Mo gbọ́ nígbà tí ó ti ilẹ̀kùn.

Ní agogo mẹ́ta, Màmá tan àbẹ́là. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lu agogo, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára jù. Ó lù ú. Gbogbo ilé gbọ́ ọ, ó sì dá mi lójú pé Eastbury náà gbọ́.

Màmá wá gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún ilé, fún ìjọ, fún káńsù, fún àwọn tí ń wa reluwé District tí ń gba àdúgbò wa kọjá, fún àwọn tí a bí nínú oṣù yẹn, fún àwọn tí ó wà lójú òfuurufú. Ráútà gbóná mọ́ mi láyà. Ojú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣẹ́jú sí mi. Òótọ́ ni Màmá sọ, kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti gbàdúrà tọkàntọkàn bí ti ọjọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá dárúkọ Folúkẹ́, mo ń ṣe àmín bí ẹni tí wọ́n ń lù.

Bí àdúrà ti ń parí lọ, mo rí i tí Màmá gbé abọ́ omi àdúrà. Àṣà wa ni: a máa ń wọ́n ọn sí igun mẹ́rin yàrá, lẹ́yìn náà a ó wọ́n ọn sára ẹni tí ó bá kúnlẹ̀. Màmá kì í fi ìka wọ́n ọn. Ẹ̀kúnwọ́ ni. Ó wọ́n igun kìíní, ó wọ́n èkejì. Mo ní, "Màmá." Kò gbọ́. Ó wọ́n ẹ̀kẹta, ó wọ́n ẹ̀kẹrin, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. N kò lè dìde, nítorí wáyà. N kò lè ju ráútà nù. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ṣe ni pé mo yí ẹ̀yìn padà lórí orúnkún mi, mo ká gbogbo ara mi bo ráútà, mo sì di ojú.

Omi náà tutù bí yìnyín. Ó gba ọrùn mi, ó sọ̀kalẹ̀ dé ìbàdí.

"Ìbùkún ni o," Màmá ní. "Kí ló dé tó o kọ ẹ̀yìn sí i?"

"Àmín, Mà. Ẹ̀yìn ni mo fi gbà á."

Ìgbà náà ni ó rí ohun tí mo ká ara bò. Ó ní "Áà!" ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àdúrà ti parí, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lókè kò tíì parí, n kò sì lè gbé nǹkan náà sílẹ̀. Màmá rọra kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ki ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti hun jọ sábẹ́ ráútà, ó bá mi gbé e. A wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agogo mẹ́rin, àwa méjèèjì, tí ojú mẹ́rin náà ń ṣẹ́jú sí wa.

Ilẹ̀kùn òkè ṣí. Folúkẹ́ sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n gbọ́ agogo," ó ní. "Ìyá tó ń bi mí léèrè ní ṣé iná ló ń jó. Mo ní rárá, wákàtí àdúrà ilé wa ni. Ó ní kí ẹ ṣe tòun mọ́ ọn."

"Kí ni wọ́n tún bi ọ́?" Màmá béèrè.

"Wọ́n ní kí ni màá ṣe tí àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú ò bá fẹ́ yí ìṣe rẹ̀ padà." Ó wo àwa méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀. "Mo ní màá wá ibi tí ìṣe náà parí sí, màá sì kúnlẹ̀ síbẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e, ìwé dé pé wọ́n ti gbà á, àwọn yóò sì dúró fún ìwé ìgbélùú rẹ̀. Folúkẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà di òní. Ọmọ rẹ̀ ti dé, ó ti ń sọ èdè Dagenham sí ìyá rẹ̀, ó sì ń kúnlẹ̀ kí Màmá Àdúrà. Mo ra wáyà gígùn ní ọjọ́ kejì, mo kan pákó kékeré mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ráútà sì ti di ará ibẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó ṣí àpò mi ní ilé ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n: "Kí ni ẹ máa ń pa nínú ilé yìí, agogo mélòó ni ẹ sì máa ń pa á?" Ẹnu máa ń yà wọ́n. Ẹnu á sì tún yà wọ́n bí wọ́n bá rí i pé àwọn ní ìdáhùn.

Oṣù tí ó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Ibi tí mo ti ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn ni ilé Màmá. Ó ti gba kọ̀ǹpútà onítábìlì yẹn lọ́wọ́ Folúkẹ́, ó fi ń wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó pè mí pé láti àárọ̀ ni kò ti tàn. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àkàsọ̀, agogo ọwọ́ dún. Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Màmá gbàdúrà dé orí àwọn tí ń wa reluwé, n kò kánjú. Ó wọ́n omi sí mi, mo fi iwájú gbà á.

Lẹ́yìn àmín, mo gòkè, mo wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Téèpù mi ṣì wà lójú gbogbo ihò rẹ̀. Mo wo ògiri.

"Màmá," mo ní, "ta ló pa iná ibí yìí?"

"Èmi ni," ó ní. "O wá bi mí lónìí."